Ẹ Jẹ́ Kí Àmì Orí Ṣáàtì Dárúkọ Ara Rẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, nígbà tí gbogbo ayé ń retí ẹni tí yóò di ààrẹ Amẹ́ríkà láàárín George W. Bush àti Al Gore, àwọn onímọ̀ ìṣirò mú èsì ìbò ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n yà á sórí ṣáàtì. Káúńtì 67 ló wà ní ìpínlẹ̀ náà, àmì kan ló sì dúró fún káúńtì kọ̀ọ̀kan: iye ìbò Bush ní ìbú, iye ìbò Pat Buchanan, olùdíje ẹgbẹ́ kékeré kan, ní òòró. Àwọn àmì náà tò lọ bó ṣe yẹ. Ibi tí èrò pọ̀ sí, ìbò Buchanan ga díẹ̀ sí i níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dá dúró lókè téńté, tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn.

Ẹni tó bá rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Ta nìyẹn?" Palm Beach ni. Buchanan rí ìbò tó lé ní 3,400 níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ní Pinellas, tó tẹ̀ lé e, kò ju bí ẹgbẹ̀rún kan lọ. Nígbà tí wọ́n tú ìdí ọ̀rọ̀ wò, wọ́n bá ìwé ìdìbò kan tí wọ́n tẹ orúkọ sí ojú méjèèjì rẹ̀ bí ìyẹ́ labalábá, tí ihò tí olùdìbò máa lu sì wà láàárín. Orúkọ Gore ló wà ní ipò kejì lápá òsì, ṣùgbọ́n Buchanan ló ni ihò kejì. Ìbò tó ju 19,000 ni wọ́n dànù ní káúńtì yẹn nítorí pé àwọn olùdìbò lu ju ihò kan lọ. Ìbò 537 péré ni Bush fi borí ní Florida, Florida ló sì gbé e dé ilé ìjọba. Buchanan fúnra rẹ̀ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n láti sọ pé òun kò gbà pé òun lòun ni púpọ̀ nínú ìbò yẹn.

Àmì kan ló tọ́ka sí gbogbo èyí. Ohun tó sì mú un wúlò ni pé ó ṣeé ṣe láti béèrè orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé orúkọ náà dé ìdí ìwé ìdìbò. Ẹ wá wo àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà fún ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké. Ṣáàtì aláràbarà kún inú wọn. Ọ̀gá á rí àmì kan tó yàtọ̀, á gbé máòsì lé e, á tẹ̀ ẹ́, kò ní sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Á tún un tẹ̀. Ṣáàtì ya odi. Ẹni tó bá sanwó fún irú ètò bẹ́ẹ̀, àbọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un, ó sì yẹ kó dá a padà fún ẹni tó ṣe é.

Orí bébà ni ṣáàtì ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá bébà wí pé kò fèsì. William Playfair, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló gbé irú èyí tí wọ́n fi ìlà yà àti èyí tí wọ́n fi òpó gbọọrọ yà sínú ìwé kan ní 1786, láti fi ṣàlàyé ọjà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó wọlé àti èyí tó ń kó jáde. Ní 1900, W. E. B. Du Bois àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Atlanta University kó ṣáàtì aláwọ̀ mèremère bí ọgọ́ta lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Paris, kí ayé lè rí bí nǹkan ṣe rí fún àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà láti ìgbà tí wọ́n ti bọ́ lóko ẹrú. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ọwọ́ kọ iye sí ara òpó tàbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí olùwòran má baà máa méfò. Wọ́n sa gbogbo ipá tí bébà gbà.

Kọ̀ǹpútà gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀. Ní 1963, Ivan Sutherland ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ṣe ètò kan tó pè ní Sketchpad. Kálámù kan ló ń nà sí ojú ẹ̀rọ. Kálámù náà á rí ìmọ́lẹ̀ ohun tó wà níwájú rẹ̀, ètò á sì mọ ìlà tàbí òbìrí tí wọ́n ń tọ́ka sí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá 1968, Douglas Engelbart gbé máòsì jáde níṣojú èrò ní San Francisco. Onígi ni èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ṣáájú ìgbà náà, Bill English ló sì kàn án. Nígbà tó fi di 1987, Richard Becker àti William Cleveland ti kọ ọ́ síta pé bí wọ́n bá fi máòsì gbá àwọn àmì kan mọ́ra nínú ṣáàtì kan, àwọn àmì kan náà lè tàn yòò nínú gbogbo ṣáàtì yòókù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ń lọ sí ogójì ọdún. Ẹni tó bá ń sọ lónìí pé ohun ìgbàlódé tó wọ́n ni àwọn oníbàárà ń béèrè, àwáwí ló ń ṣe.

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ọ̀hún ní kọ́lọ́fín. Nígbà tí ènìyàn bá tẹ máòsì, ohun tí Windows tàbí Linux ń fi ránṣẹ́ sí ètò nípa ibi tó tẹ̀ kò ju nọ́ńbà méjì lọ: iye pixel (ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán ojú kọ̀ǹpútà) láti etí òsì, àti iye pixel láti etí òkè. Ká ní 412 àti 187 ni. Kò sí orúkọ káúńtì níbẹ̀, kò sí ọjọ́, kò sí náírà. Ní ti ṣáàtì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ka òòró lọ sókè. Ní ti ojú kọ̀ǹpútà, òkè ni wọ́n ti ń kà á bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí nígbà tó ń kọ ètò rẹ̀, oníbàárà á tẹ àmì tó wà lókè, èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì dáhùn.

Àwọn kan á yí 412 àti 187 padà sí ọjọ́ àti owó, wọ́n á wá máa wá ìlà àkọsílẹ̀ tó bá a mu. Kò ní bá a mu, nítorí ọwọ́ ènìyàn kì í bọ́ sórí ₦350,000 géérégé. ₦349,612 ló máa bọ́ sí. Wọ́n á wá ní kí ètò mú èyí tó sún mọ́ ọn jù. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. Bí ìbú bá jẹ́ ọjọ́, tí òòró sì jẹ́ náírà, àlàfo oṣù mẹ́ta kò ju 90 lọ lójú ètò náà, nígbà tí ìyàtọ̀ owó tí ojú kò lè rí lórí ṣáàtì ti di 400. Bí ó ṣe máa pinnu nìyẹn pé àmì tó wà ní ìkangun lọ́hùn-ún, tí owó rẹ̀ ṣèèṣì jọ èyí tí ọwọ́ bọ́ sí, sún mọ́ máòsì ju èyí tí máòsì dúró lé lórí lọ. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n yí àwọn àmì náà sí pixel, kí wọ́n wọn ọ̀nà tó wà láàárín wọn àti máòsì bí ojú ṣe rí i, kí wọ́n sì fi òdiwọ̀n sí i. Bí èyí tó sún mọ́ jù bá ṣì jìnnà ju pixel márùn-ún tàbí mẹ́jọ lọ, kí ètò gbà pé orí òfìfo ni wọ́n tẹ̀.

Iṣẹ́ yìí náà, àwọn kan ti bá wa ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣáàtì tí Microsoft gbé jáde pẹ̀lú .NET 4 ní 2010 ní ohun tí wọ́n pè ní HitTest: ètò á fún un ní nọ́ńbà méjèèjì, òun á sì dáhùn bóyá àmì ni, tàbí ìlà ẹ̀gbẹ́, tàbí àkọlé, bó bá jẹ́ àmì, á sọ ipò tó wà. Fún àwọn tó ń fi Java kọ ètò, JFreeChart, tí David Gilbert bẹ̀rẹ̀ ní 2000, máa ń ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan jókòó sí bó ṣe ń yà á lọ. Bí wọ́n bá tẹ máòsì, á wo àkọsílẹ̀ náà láti ẹ̀yìn wá síwájú, nítorí èyí tó yà kẹ́yìn ló wà lókè àwọn yòókù.

Ọgbọ́n mìíràn wà tó yẹ kí ọmọdé tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà gbọ́, àwọn tó ń ya àwòrán ńláńlá, tí àmì orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù, ló sábà ń lò ó. Wọ́n á ya ṣáàtì lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí oníbàárà ń wò. Ti èkejì wà nípamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ tirẹ̀ nìkan ni àmì kọ̀ọ̀kan sì ní níbẹ̀. Àwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 16 ló wà nílẹ̀ láti pín. Bí máòsì bá tẹ ojúkò kan, ètò á lọ wo àwọ̀ tó wà ní ojúkò kan náà nínú àwòrán tó fara pamọ́, àwọ̀ náà á sì dárúkọ àmì. Kò sí pé à ń wọn ọ̀nà. Àmọ́ bí ẹni tó kọ ọ́ bá gbàgbé láti dá kọ̀ǹpútà dúró kí ó má fi àwọ̀ dán etí àwọn àmì náà, àwọ̀ méjì á pò mọ́ra ní ojú ààlà, àwọ̀ kẹta á jáde, ẹni tí kò sí níbẹ̀ rárá á sì jẹ́ ìpè.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí oníbàárà máa ń rí kíákíá, tí á sì fi pariwo. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká òde òní, Windows sábà máa ń sọ gbogbo nǹkan di ńlá ní 125% tàbí 150%. Bí ètò bá ń ka máòsì pẹ̀lú òdiwọ̀n kan, tó sì ń ka ṣáàtì pẹ̀lú òmíràn, apá òsì lókè á dára, bí ènìyàn bá ṣe ń lọ sí ọ̀tún nísàlẹ̀ ni àmì á máa sá fún máòsì. Ẹni tó kọ ètò lè má rí i láé, torí 100% ni kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wà. Ọwọ́ àgbàlagbà tó ń gbọ̀n náà wà níbẹ̀: láàárín ìgbà tó tẹ máòsì mọ́lẹ̀ àti ìgbà tó tú u sílẹ̀, máòsì ti yẹ̀ ní pixel méjì tàbí mẹ́ta, ètò tí kò ní sùúrù á sì rò pé ó ń fa ṣáàtì ni.

Èyí tó léwu jù kì í pariwo. Púpọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí, nọ́ńbà ipò ni wọ́n ń dá padà: wọ́n á ní àmì keje ni oníbàárà tẹ̀. Ẹni tó kọ ètò á lọ mú ìlà keje nínú tábìlì, á gbé e síwájú onítọ̀hún. Ó dáa bí tábìlì bá ṣì wà bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ya ṣáàtì. Ṣùgbọ́n akọ̀wé lè ti tẹ orí òpó orúkọ, kí tábìlì sì tún ara rẹ̀ tò láti A lọ, ṣáàtì kò gbọ́ sí i. Ó sì lè jẹ́ pé aláìsàn kẹta kò ní èsì àyẹ̀wò, tí ètò fò ó nígbà tó ń yà á. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo àmì á máa jẹ́ orúkọ ẹni tó wà lókè tirẹ̀. Dókítà tẹ àmì ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, fáìlì ẹlòmíràn ló ṣí. Bí ìgbà tí wọ́n pe Táíwò tí Kẹ́hìndé dáhùn ni, ẹni tó pè kò sì ní fura, nítorí fáìlì ṣí, orúkọ wà níbẹ̀, gbogbo nǹkan gún régé lójú.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá ń ya àmì kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n ti so nọ́ńbà káàdì aláìsàn mọ́ ọn, tàbí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, tàbí nọ́ńbà rìsíìtì. Lára àmì inú ṣáàtì Microsoft yẹn, àyè wà fún un, Tag ni wọ́n pè é. Bí wọ́n bá tẹ àmì, nọ́ńbà yẹn ni kí ètò gbé lọ sídìí tábìlì, kí ó má wo ipò rárá. Ìlà kóòdù kan tàbí méjì ni. Ẹni tó bá ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tí kò ṣe èyí, kí wọ́n má pè é ní aláìmọ̀kan, aláìbìkítà ni.

Àwọn àmì tó gorí ara wọn náà ń kó bá ènìyàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin bá gba 60 nínú ìṣirò tí wọ́n sì gba 60 nínú èdè, àmì kan ni ojú máa rí. Ọ̀pọ̀ ètò á mú ẹni tí wọ́n yà kẹ́yìn, àwọn mẹ́ta yòókù á di ẹni ìgbàgbé. Ọ̀nà tí Matplotlib gbà ṣe tirẹ̀ dára jù. John Hunter, onímọ̀ nípa ọpọlọ tó ń wo àkọsílẹ̀ iná ọpọlọ àwọn tó ní wárápá, ló bẹ̀rẹ̀ irinṣẹ́ yìí fún èdè Python ní 2003. Ó kú ní 2012, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní ọwọ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì kárí ayé. Bí wọ́n bá tẹ ojúkò kan nínú rẹ̀, kì í dá ẹyọ kan mú. Gbogbo àmì tó wà láàárín òdiwọ̀n tí wọ́n fún un ló máa kà sílẹ̀, kí ètò tó pinnu ohun tó kàn.

Ìdánrawò kan wà nínú ìwé ìtọ́ni Matplotlib tó sọ ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń wí lọ́nà tó rọrùn. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ọ̀wọ́ nọ́ńbà 100, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 1,000 nínú. Kí ó ṣírò ìpíndọ́gba ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan àti bí nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣe fọ́n káàkiri tó, kí ó fi méjèèjì ya àmì kan. Ọ̀wọ́ kan ti wá di àmì kan. Púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ ti wọlẹ̀. Iṣẹ́ tó kù ni pé bí wọ́n bá tẹ àmì náà, kí fèrèsé mìíràn ṣí, kí nọ́ńbà 1,000 náà jáde bí wọ́n ṣe wà kí wọ́n tó di ẹyọ kan. Bí àmì méjì bá wà níbi tí wọ́n tẹ̀, kí ti méjèèjì jáde. Ìbá dára kí gbogbo ẹni tó fẹ́ máa ta ètò fún ìjọba tàbí ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ ṣe ìdánrawò yìí.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò nílò àlàyé gígùn lórí ìdí tí ohun tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà fi ṣe pàtàkì. Ibùdó ìdìbò 176,846 ni INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ní fún ìbò 2023. Ìdí tí wọ́n fi dá IReV, ojú òpó tí wọ́n ń gbé èsì ìbò sí, sílẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni lè tẹ orúkọ ibùdó kan, kí ó sì rí àwòrán fọ́ọ̀mù EC8A tí wọ́n kọ èsì sí níbẹ̀ gan-an. Nígbà tí fọ́ọ̀mù ìbò ààrẹ kò tètè gòkè ní oṣù kejì ọdún yẹn, àpapọ̀ ìbò kò dáwọ́ dúró, wọ́n ń kà á lórí tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn kò gba nọ́ńbà tí àwọn kò lè tẹ̀ kí àwọn rí bébà rẹ̀. Ohun tí àwọn ará ìlú béèrè lọ́wọ́ INEC, kí ló dé tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò fi lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ètò èsì ìdánwò fún un?

Àwọn kan á ní àpótí kékeré tó ń yọ nígbà tí máòsì bá kọjá lórí àmì ti tó. Kò tó. Àpótí yẹn á sọ iye, á sì pòórá kí ènìyàn tó mú bírò. Kò ṣeé tẹ̀ jáde, kì í sì í gbé ẹnikẹ́ni lọ síbi àkọsílẹ̀. Excel pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀, ń dá ènìyàn lágara níbí. Lórí ṣáàtì rẹ̀ lásán, títẹ̀ àkọ́kọ́ á mú gbogbo ọ̀wọ́ àmì náà lápapọ̀, títẹ̀ kejì ló máa mú ẹyọ kan, síbẹ̀ kò ní ṣí ìlà tí ẹyọ náà ti wá àfi bí ènìyàn bá kọ kóòdù sí i fúnra rẹ̀. Ohun kan tí Excel ṣe dáadáa ni pé ó jẹ́ kí bọ́tìnnì ọlọ́fà orí kíbọọ̀dù lè gbé ènìyàn láti àmì kan dé òmíràn. Ètò ìbílẹ̀ tó rántí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di máòsì mú kò wọ́pọ̀.

Àríyànjiyàn kan wà tó ní láárí, òun ni ti àṣírí. Bí àmì bá ń dárúkọ ara rẹ̀, ẹni tó bá dúró lẹ́yìn nọ́ọ̀sì á rí orúkọ aláìsàn. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni láti 2023, òfin náà kò sì yọ ilé ìwòsàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí nìyí tí títẹ̀ fi sàn ju kíkọ orúkọ sára ṣáàtì lọ: nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni ètò lè béèrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Dókítà tó ń tọ́jú onítọ̀hún á rí fáìlì, akọ̀wé owó á rí rìsíìtì nìkan, àlejò á rí nọ́ńbà lásán, ètò á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ṣí i ní aago báyìí. Ṣáàtì tó ya odi kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni akọ̀wé á tẹ gbogbo tábìlì jáde sórí bébà kó tó lè mọ ẹni tó ń wá.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ètò má jẹ́ kí àwọ̀ ṣáàtì fa ojú rẹ̀ mọ́ra lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá fi hàn án. Kí ó ní kí olùtajà tẹ àmì tó ga jù lọ, kí ó kọ orúkọ tó jáde sílẹ̀. Kí ó ní kí ó tẹ àlàfo tó wà láàárín àmì méjì, kí ó wò ó bóyá ètò máa dákẹ́ bó ṣe yẹ. Kí ó pa èsì ẹnì kan rẹ́, kí ó tún tábìlì tò láti orí orúkọ, kí ó sọ Windows di 150%, lẹ́yìn náà kí ó ní kí olùtajà tún àmì àkọ́kọ́ yẹn tẹ̀. Bí orúkọ kejì bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kí ó mú owó tó ṣẹ́kù dání títí olùtajà yóò fi lọ tún un ṣe.